Ìsọ̀ Agolo Òfìfo

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá olùkọ́ tó mọ ohun ìṣeré ọmọdé í ṣe, tí kò sì mọ eré fúnra rẹ̀ í ṣe, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Èmi rèé. Ọmọ Èkìtì ni mí, ìwé la fi ń jẹ iyán nílé wa. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ọ̀tọ̀, wọ́n ní eré niṣẹ́ ọmọdé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fàlà sí i nídìí, mo sì yege. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi lè ṣeré.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà kò jìnnà sí oríta Mówó. Àwọn ọmọ tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ kíláàsì kìn-ín-ní ni mò ń kọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Kì í ṣe odi o! Tó bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, á máa fi èdè Ègùn tú ọ̀rọ̀ jáde fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé tó rí ojú mi, ẹnu á pa dé. Ọ̀gá wa, màdáámù tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pè mí: "Àǹtí, tí mi ò bá fetí ara mi gbọ́ ohùn ọmọ yìí ká tó gba ọlidé, kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí kíláàsì kìn-ín-ní. Ọ̀dọ̀ yín ni á tún dúró sí."

Ìyá ọmọ náà gbọ́, ló bá bú sẹ́kún lójú mi. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe olódo. Mo ní, "Ẹ má sunkún mọ́, mọ́mì. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Ẹnu sì dùn-ún ròfọ́.

Mo fi ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi tó ti gbó rán ọmọláńgidi tó ń lanu. Mo kiwọ́ bọ̀ ọ́, mo ń fi ohùn ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà wò mí tàánú-tàánú. Mo lọ bu iyanrìn etí òkun sínú ọpọ́n kí wọ́n lè máa fi ìka kọ lẹ́tà sí i. Akàn jáde níbẹ̀, kíláàsì dàrú, èmi ni mo sì kọ́kọ́ gun orí àga.

Mo wá ṣe ìsọ̀. Agolo mílíìkì, páálí ṣúgà, páálí ọṣẹ, òfìfo ni gbogbo wọn. Mo ní ewé igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà wa ni owó wa. Torí pé ọ̀mọ̀wé ni mí, mo ya iye ewé tí ọjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Mo fi ọmọ náà ṣe ọlọ́jà, torí pé ẹja gbígbẹ ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Mówó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí mo fi ṣe oníbàárà dé, wọ́n wo bébà, wọ́n san ewé, wọ́n gbé agolo, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó lanu. Ìsọ̀ mi dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí, "Àǹtí, ṣé a ò ní ná an ni?"

Háà! Èmi olówó oṣù, tó jẹ́ pé iye tí wọ́n bá pe ọjà fún mi náà ni mò ń san, tí àwọn ọlọ́jà sì ń rẹ́rìn-ín sí mi láti òkèèrè! Èmi fúnra mi ni mo fi bébà dí àwọn ọmọ lẹ́nu. Mo já gbogbo rẹ̀ dànù.

Lọ́jọ́ kejì, màdáámù dé ẹnu ọ̀nà wa gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ra mílíìkì. "Èló ni?" Ọmọ náà na ìka mẹ́ta. Mo ní ewé kan ni màá san. Ó mirí. Mo ní agolo náà ti tẹ̀, pé kò tiẹ̀ sí nǹkan nínú ẹ̀. Ó gbójú kúrò lára mi. Mo wo màdáámù, mo wo ọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọlọ́jà, ẹ dá mi lóhùn." Ó ń to páálí ṣúgà rẹ̀ lọ. Ni inú bá bí mi, inú gidi, kì í ṣe ti eré mọ́. Mo gbé agolo náà kalẹ̀ gbà, mo kẹ́yìn sí i, mo ń lọ.

"Oníbàárà! Ẹ padà wá! Ẹ mú ewé méjì wá!"

Ohùn náà ga débi pé kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wa dákẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé ìgbà tí oníbàárà bá ń lọ ni ọlọ́jà ń pè é? Gbogbo sáà yẹn, mo kọjú sí ọmọ ọlọ́mọ, mò ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo padà, mo san ewé méjì, mo gbá agolo òfìfo mọ́ra, omijé ń ṣàn lójú mi, ikun ń ṣàn nímú mi.

Màdáámù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìsọ̀. "Ọṣẹ yìí ńkọ́?"

"Ewé mẹ́rin."

"Ó ti wọ́n jù."

"Màdáámù, ọṣẹ gidi ni, ó ń hó dáadáa!"

Màdáámù san ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó nàró, ó gbọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé, "Ó ń bá wọn lọ."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá látọjọ́ yìí náà nìyẹn. Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́. Àfìgbà tí mo pàtẹ́wọ́ tán ni mo wá rántí pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ń kúrò, lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀.