Ìyá Okùn Lẹ́nu Kànga

Ìyá Okùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ń gbẹ́ kànga, òun ló ń fi okùn fa iyẹ̀pẹ̀ sókè. Bí korobá bá ti kún nísàlẹ̀, ọkọ á fi irin kàn án, kó! kó!, ìyàwó á sì máa fà. Wọn kì í pe ara wọn nídìí iṣẹ́. Ohùn èèyàn máa ń dàrú nínú kànga, ṣùgbọ́n ìró irin kì í parọ́.

Ojú wọn rí màbo lọ́dún náà. Àìsàn dá ọkọ dùbúlẹ̀ títí, ìkòkò wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan iná. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá kí obìnrin yìí, ẹ ò ní gbọ́ ju "Ọlọ́run ò sùn" lọ. Ó sú mi. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, Ọlọ́run tìrẹ yìí kì í tètè dáhùn o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Aránṣọ, ṣé ẹ̀yin náà máa ń tètè rán aṣọ èèyàn ni?"

 Mo yáa padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi.

Nígbà tí ara ọkọ yá, wọ́n rí iṣẹ́ sí ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Òjò ti rọ̀ gan-an, ilẹ̀ rọ̀. Mo wà nídìí máṣíìnì nígbà tí mo gbọ́ gbìì! Igbe ìyàwó ló tẹ̀ lé e. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀.

Ògiri kànga ti ya lulẹ̀, ọkọ wà nísàlẹ̀. Okùn ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá Okùn, ó ń fà á, kò mì. Àwọn òṣìṣẹ́ búrẹ́dì ti gbé ṣọ́bìrì dé, wọ́n fẹ́ bẹ́ sínú ihò. Ó na ọwọ́ méjèèjì dí wọn lọ́nà.

"Ẹ dúró! Ọkọ mi máa ń gbẹ́ ihò sí ara ògiri tó lè sá sí. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbẹ́ ti ibí yìí, n ò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà. Tí ẹ bá lọ bẹ́ lé e lórí, ẹ ti sin ín nìyẹn!"

Ibẹ̀ la wà tí àwọn ará ìjọ wa fi dé pẹ̀lú Pásítọ̀. Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àdúrà wa: àtẹ́wọ́, igbe, ẹsẹ̀ ń lulẹ̀. Èmi náà ń fò sókè. Gbogbo bí ẹsẹ̀ wa ṣe ń balẹ̀ ni yẹ̀pẹ̀ ń dà sínú kànga, ṣàà, ṣàà.

"Ẹ dákẹ́!" Ìyá Okùn ló kígbe.

Ìyá Akọrin, tó máa ń dá orin ní ìjọ wa, yíjú sí i. "Ká dákẹ́ kẹ̀? Ní irú àkókò yìí? Àbí ìgbàgbọ́ ẹ ti ń jò ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọlọ́run ti gbọ́ tiyín. Ọkọ mi ni n ò tíì gbọ́ tiẹ̀."

Pásítọ̀ wò ó. Ó bọ́ bàtà, ó rọra kúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn gbà á," ló wí.

Wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Ọmọ kan ń sunkún, ìyá rẹ̀ fi ọyàn dí i lẹ́nu. Ìyá Okùn dojú bolẹ̀ lórí pákó tó dábùú ẹnu kànga, ó fi etí sísàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ìyá Akọrin fi ìgúnpá gún mi, bí ẹni pé, ṣé o rí i?

"Àkókò ń lọ o," ọkùnrin kan sọ. "Afẹ́fẹ́ ò sí níbẹ̀."

Ìyá Okùn ò yíjú. Mo sún mọ́ ọn, mo gbọ́ ohun tó ń sọ lábẹ́lẹ̀. "Jésù, n ò mọ ibi tó wà. Ìwọ mọ̀ ọ́n."

Ó pẹ́. Àfi bí ẹni pé ọdún kan ni.

Kó.

 Kó, kó.

"Ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì ló wà!" Ó ti dìde. "Ẹ gba òdìkejì sọ̀kalẹ̀. Ẹ rọra, mo bẹ̀ yín!"

Abọ́ la fi ń kó iyẹ̀pẹ̀, Ìyá Okùn ló ń fà á sókè. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọwọ́ kan yọ, orí tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé ọkùnrin náà sókè, apá rẹ̀ ti kán. Ó wúkọ́ títí, ó tu yẹ̀pẹ̀, ó wá ní, "Kí ló dé tí gbogbo yín fi lọ?"

"Ta ló lọ?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo ń gbọ́ ariwo yín tẹ́lẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní kí n má fi èémí ṣòfò. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, mo ní wọ́n ti lọ ra pósí nìyẹn! Ìbẹ̀rù ni mo fi ń kan irin."

"Ẹ gbọ́ ọ!" Ìyá Akọrin fò. "Ariwo wa ló fi í lọ́kàn balẹ̀!"

A rẹ́rìn-ín, a ń sunkún. Ìyá Okùn jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan.

"Ìyá Akọrin," ló wí, "ẹ bá mi dá orin. Ohùn tèmi ò jáde mọ́."