Wọ́n Ní Kí A Sọ Tinú Wa

Nígbà tí yàrá tó kọjú sí tiwa ṣófo ní Kamazou, àdúgbò wa ní Kaduna, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ rántí. Àrùn kan ń jẹ ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ti sọ fún wa pé èyí tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ bí a bá ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ láìjẹ́ kó fò, ìwọ̀nba ìríran tó kù yóò dúró. Kò lè kán an fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Oògùn á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á bọ́ sí imú, á máa bú u. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wá iṣẹ́ lọ sí Èkó àti Abuja. Òun nìkan ló ń gbé ní òdìkejì odò, ní apá àríwá ìlú. Èmi ń gbé ní gúúsù. Ẹni tó bá mọ Kaduna ti mọ ìyókù. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí mo ń sọ ni pé mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n mi, kìrìsìtẹ́nì ni mí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àdúgbò Kabala Costain, nínú ìlú kan náà, ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá, iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe. Ó ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyá wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ọmọ sì mú èyí tó wù wá. Lọ́jọ́ iléyá, èmi ni mo máa ń fọ ìfun ẹran. Lọ́jọ́ Kérésì, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń dín ṣinṣín, òun náà ló sì máa ń jẹ ẹ́ dé ìdajì kí àlejò tó dé.

Ìjà ọdún 2000 ló pín ìlú. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń kọ́ mi ní aṣọ rírán nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè orí òrùlé. Mi ò ní sọ òrùlé ẹ̀sìn wo, nítorí pé nígbà tó di ọjọ́ kejì, òrùlé ti ìhà kejì náà ti ń sọ irú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò mú ọ̀bẹ dání, ẹnu nìkan ló lò. Kí oòrùn tó wọ̀, ibi tí mo ti ń ra búrẹ́dì ti di eérú. Mo sá gba inú koríko etí odò, mo da inú dé ẹrẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n mú níwájú mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ń dán gbohùngbohùn wò níbi ìpàdé, ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní òun fẹ́ kí òfin mú ìwàásù tó ń bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn, pé ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ya ọmọnìkejì rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn, inú mi dùn. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bínú. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fi ọwọ́ di ẹnu ìhìnrere. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí tiwọn náà ń bínú, pé ta ni ìjọba tó fẹ́ fún ààfáà níwèé àṣẹ kó tó wàásù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tí iná ò jó rí ló ráyè bínú sí omi.

Onílé wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni, ọmọ ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Bayarabiya ló máa ń pè mí, ìyẹn obìnrin Yorùbá ní Hausa. Mo lọ bá a lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, mo ní mo fẹ́ gba yàrá yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, mo sọ ọ́. Orúkọ tí bàbá wa fún un ni. Ọlá ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀sìn níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwa Yorùbá Kaduna ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó béèrè á máa wo ẹnu rẹ bóyá ìkejì ń bọ̀, ìwọ náà á pa ẹnu dé.

Ó ní, "Ṣé ọmọ ìyá rẹ ni?"

"Ọmọ ìyá mi ni, sà."

"Tó, kó máa bọ̀. Yorùbá kì í yọ mí lẹ́nu. Ariwo nìkan lẹ ní."

Ẹ̀gbọ́n mi wá wo yàrá náà ní ọjọ́ Sátidé. Ó wọ híjáàbù rẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ó gbé búta àlùwàlá rẹ̀ dání nítorí àkókò ìrun lè bá a lójú ọ̀nà. Onílé dìde fún un. Ó ní, "Sannu, Mama," ó fún un ní àga tirẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi tútù wá. Lẹ́yìn náà ló fi ojú pè mí lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

"Bayarabiya, o ò sọ fún mi."

"Kí ni mi ò sọ, sà?"

"Haba." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ṣé èmi ni? Ìyá mi ni mo rí lójú obìnrin yẹn. Àmọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, tí àwọn ọmọ àdúgbò yìí wá kan ìlẹ̀kùn, kí ni kí n sọ fún wọn? Bí wọ́n bá sì pa á, àwọn èèyàn rẹ̀ á ní èmi ni mo tàn án wá."

"Kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀, sà."

"Ìwọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tó sá wọ abẹ́ tábìlì nígbà tí táyà mọ́tò bẹ́ níjọ́sí?"

Ó ní ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ gba yàrá náà, kò sì gbọdọ̀ máa sùn lọ́dọ̀ tiwa, pé òun ń bẹ̀ mí ni. Nígbà tí a padà dé iwájú ilé, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé búta rẹ̀ nílẹ̀, ó ti ń dúpẹ́ omi.

Nínú kẹ̀kẹ́ ló tó sọ̀rọ̀. "Ṣé torí híjáàbù yìí ni? Ǹ bá wé gèlè. Ǹ bá wé e kó ga dé òkè, kí wọ́n rò pé ìyá ìjọ ni mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ gèlè wé."

"Ìwọ ìbá wé e fún mi." A rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi wò wá nínú díńgí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ṣe ìpàdé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí wa. Wọ́n fẹ́ gbọ́ èrò aráàlú lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti àlàáfíà. Obìnrin tó ṣáájú wọn gbọ́ Hausa dáadáa, ó sì níwà tútù. Ó ní, "Ẹ sọ tinú yín. Ẹni tí wọ́n bá ti fi nǹkan dù nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, kó dìde. Òfin wà lẹ́yìn yín." Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ títì, wọ́n sọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàdédé rí ara mi lórí ìdúró, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Wọn ò fún ẹ̀gbọ́n mi nílé ládùúgbò yìí nítorí pé mùsùlùmí ni. Lódìkejì náà, wọn ò fún èmi nílé rí nítorí pé kìrìsìtẹ́nì ni mí. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Kí ni òfin lè ṣe fún wa?"

Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bayarabiya, tẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ sáàárín ìwọ àti ọkọ rẹ!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin òṣìṣẹ́ yẹn ní àwọn ti gbọ́, ó sì pe ẹlòmíràn.

Ẹnìkan ti fi fóònù gba ohùn àti àwòrán mi. Ẹnìkan gé e. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì tì í sórí wásáàpù. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ pè mí.

"Ọmọ ìyá mi, ṣé ìwọ lò ń pariwo nínú fóònù àwọn ọmọ àdúgbò wa yìí?"

"Kí ni wọ́n ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Wọ́n ní bí ìhà tiyín kò bá fẹ́ wa, àwọn náà mọ àwọn tí yóò kó ẹrù wọn kúrò níbí. Má jáde lónìí."

Ní ìhà tiwa, àwọn obìnrin ibi ẹ̀rọ omi kò dá mi lóhùn mọ́. Ọ̀kan ní mo ti tà wọ́n. Onílé ti géètì mọ́ ara rẹ̀ láti ọ̀sán gangan. Mo rí i láti ojú fèrèsé: ó jókòó sórí àga tó fún ẹ̀gbọ́n mi níjọ́sí, ó di etí mọ́ rédíò. Ẹ̀rù ń bà á bó ṣe ń bà mí. Mo di aṣọ àwọn ọmọ mi sínú àpò kan, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tó kú. Àmọ́ ó ku díẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ kò jágbe mọ́ mi. Ó fún mi ní àga, ó tẹ fóònù rẹ̀ kí n gbọ́.

"Mama, ṣé ohùn yín nìyí?"

"Ohùn mi ni, àmọ́ wọ́n ti gé e."

"A mọ̀. À ń wá ẹni tó gé e. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ fún un ní ohun tó gé."

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Kò sẹ́ni tó ní irọ́ lẹ pa. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ìṣòro rẹ̀ ìbá kéré."

Mo béèrè pé ẹni tó fi yàrá du ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, ṣé òfin kò kàn án ni. Ó ní kí ni onítọ̀hún sọ, mo sọ fún un. Ó ní ta ló gbọ́, mo ní èmi ni. Ó ní ṣé gbangba ló ti sọ ọ́, mo ní rárá, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni, jẹ́jẹ́ ló sì sọ ọ́.

Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ṣé ẹ rí i? Òun sọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin fi gbohùngbohùn sọ tiyín."

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò lè sọ pé kò gbọ́n. Mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ lè ṣe, ọmọ yẹn kò tíì rí i. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sí ipò rẹ̀, bóyá èmi náà á ní kí obìnrin yìí pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ìjọba ló pè mí dìde. Òfin tí mo fọwọ́ sí lọ́kàn mi kò rí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tó ní wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun ló rí.

Wọ́n ṣètò ìlàjà sí iwájú ilé olórí àdúgbò. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ pé èdè-àìyedè ni, kí wọ́n sì yà á ní fídíò. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi wá, wọ́n mú onílé wá, òógùn bo ojú rẹ̀. Kí wọ́n tó kàn mí, ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, ó ń fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀.

Ó sọ ọ́ ní Hausa pé, "Ẹnikẹ́ni kò lé mi. Yàrá yẹn ni kò wù mí. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gba àpótí aṣọ mi. Ẹ mọ̀ pé àwa arúgbó a máa ń ṣakọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ara tu gbogbo wọn. Onílé kúnlẹ̀ kí i, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìtìjú ni tàbí ọpẹ́. Wọ́n na gbohùngbohùn sí mi, wọ́n ní ṣé bó ṣe rí nìyẹn. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n fẹnu sọ ọ́, fídíò kò lè gbọ́ orí mímì. Mo fẹnu sọ ọ́.

Wọ́n fún tọkọtaya kan ní yàrá náà. Mo ń sọdá odò láràárọ̀ lọ kán oògùn fún ẹ̀gbọ́n mi kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ti alẹ́ ni kò ṣe é ṣe. Ọ̀nà kò dára lálẹ́. Nígbà mìíràn, kónílé-ó-gbélé á wà. Ó ń gbìyànjú fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo bá dé láàárọ̀, mo máa ń rí ipa oògùn tó gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ojú òsì ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀lé e dá, ti ọ̀tún tẹ̀lé e. Dókítà tan iná tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lójú, ó tún tàn án, ó sì pa á. Inú bí i. Ó ní, "Mama, mo sọ fún yín. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo wí. Ṣé ẹ ò ní ẹni tó lè dúró tì yín lálẹ́ ni? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó fún un mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀kùn yàrá dókítà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, onírúurú ènìyàn, wọ́n ń gbọ́ wa.

Mo ní, "A máa ń gbàgbé ni, dókítà."