Búrọ́ọ̀ṣì Kan fún Àgbò Márùn-ún

Bí ẹ bá dé Mamobi ní Àkrà tí ẹ béèrè Àwẹ̀ró, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Eléégbọn, ọmọ ọdún mẹ́ta á nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé Bàbá Rájí. Orúkọ ẹ̀gàn ni. Àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, òun náà kò sì fi tiwọn ṣe. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń tún aago ṣe ní yàrá kejì sí tirẹ̀, mo ti rí ohun tí obìnrin náà lè fi ìka mẹ́wàá ṣe, ara mi kò sì gbà á kí n má kọ ọ́ sílẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ọkọ tó mú un wá sí Àkrà kú ní ọdún kejì òmìnira Gánà, ó fi ewúrẹ́ méjì àti àgùntàn kan sílẹ̀ fún un. Láti orí ìyẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará àdúgbò tọ́jú ẹran: ewúrẹ́ ìsọmọlórúkọ, àgbò Iléyá, àní ajá akọ̀wé kan ní Nima. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó dijú, kí ó máa fi ọwọ́ ya irun ẹran láti ìrù lọ sí orí.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Eégbọn kì í rìn. Ó ti rí ilé, ó ti jókòó, ó ti yó bíi wóró lárà. Iná ara ẹran ń rìn, àmọ́ ìrìn arúgbó ni. Èyí tó bá ń fò bí epo tó ta nínú agbada, ti ajá nìyẹn. Èyí tí o kò bá rí rárá, tí ẹran kàn ń họra títí irun fi ń re, tí awọ ń le bí èèpo igi, òun ni kí o bẹ̀rù. Kúrúnà ni."

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe ń rí ohun tí a kì í rí?"

"Oòrùn ló ń fi í hàn mí."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn sọ́kàn.

Ní ọdún tí a ń retí kí Gánà yan ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, àgbò márùn-ún ni a so sẹ́yìn ilé de Iléyá. Àṣà kan sì wà nínú ilé yẹn láti ayé bàbá tó bí Rájí: ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni a fi ń wẹ gbogbo àgbò, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé tòun ju ti ẹnìkejì lọ. Ti onílé la máa ń kọ́kọ́ wẹ̀. Bàbá Rájí, onílé wa tó ń ta obì, kì í jẹ́ kí a gbàgbé. Á dúró lórí pèpéle, á ní, "Ẹ ti tèmi ṣe ná."

Àwẹ̀ró kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Kànìnkànìn tirẹ̀ ló fi ń wẹ àgbò rẹ̀. Ìyẹn di ọ̀rọ̀.

Ojúọlá, ìyàwó Rájí, á ní, "Àgbò Eléégbọn ti lọ sí Mẹ́kà dé. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ títí, wọn kò dá a lóhùn ìkíni mọ́. Ní Jímọ̀ tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó rẹ̀ ẹ́. Ó fa àgbò rẹ̀ síta, ó ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Tirẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì náà kàn kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Àìkú, àgbò Rájí já okùn, ó sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró. Ojúọlá kì í jẹ́ kí ó súnmọ́ àgbò náà tẹ́lẹ̀. Àwẹ̀ró dì í mú, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá Rájí níbi tí òun àti àwọn àlejò rẹ̀ ti ń jẹ obì. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ìbá dúró kí àlejò lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kúrúnà wà lára àgbò yín. Ẹ jẹ́ kí a so ó lọ́tọ̀."

"Àgbò ta ni?"

"Tiyín ni, bàbá."

Rájí wo àwọn àlejò rẹ̀, ó wá yíjú sí i. "Iná lásán ni. Ẹran wo ni kò ní iná? Ìwọ Àwẹ̀ró, torí pé tìrẹ rù, o fẹ́ kí tèmi di èyí tí kò ṣeé fi ṣọdún. Ó dáa. Fi kúrúnà náà hàn mí. Bí n kò bá rí i títí Jímọ̀, kó àwọn ẹran rẹ kúrò lẹ́yìn ilé mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Mamobi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ilé fún mọ́lé, kò sí ibi tí ènìyàn lè so òbúkọ kan mọ́. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ti tán nìyẹn.

Àwẹ̀ró fi ọ̀bẹ kújú họ egbò tó wà lẹ́yìn etí àgbò Rájí sínú páálí ìṣáná, ó sì jókòó de oòrùn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni òjò fi rọ̀.

Rájí á kọjá, á tọ́ka sókè. "Ẹlẹ́rìí rẹ kò tíì jí?"

Ojúọlá ní, "Ìyá Eléégbọn, ṣé o ti bá onílọ́rì sọ̀rọ̀? Kí ewúrẹ́ má lọ fẹsẹ̀ rìn o." Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ẹnìkan ti da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwẹ̀ró fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù.

Ní Jímọ̀, oòrùn yọ. Àwẹ̀ró tún egbò náà họ lákọ̀tun, ó da èérí rẹ̀ sórí síléètì dúdú, ó gbé e sí gbangba. Gbogbo ilé yí i ká. Èmi mú dígí tí mo fi ń wo inú aago wá.

Kò sí nǹkan tó mira. Rájí ní, "Èérí. Èérí ara ẹran ni ẹ wá ń wò."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ jẹ́ kó móoru."

Mo tẹjú mọ́ dígí. Ẹyọ kan tó funfun bí iyọ̀ yẹra díẹ̀. Mo rò pé atẹ́gùn ni. Ó tún yẹra, mo sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń ta kúkúkú, òmíràn sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé dígí fún Àáfà Sàká tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lójúde wa.

Ó wò ó pẹ́. "Ó ń rìn," ló sọ. "Ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn báyìí kò tọ́ fún ọdún."

Rájí ní, "Kí ó họ tirẹ̀ náà ká rí i."

Kò sí ẹni tó lè fi agbára mú un. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀bẹ. Ó họ ẹ̀yìn etí àgbò rẹ̀, ó fọ síléètì, ó dà á sí i, ó sì dúró. Kò gba dígí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ó wà lára tèmi náà," ló wí.

Rájí pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Òun ló kó o wá bá wa. Eléégbọn, di ẹrù rẹ." Àwọn yòókù ti ń gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ẹnìkan ti ń tú okùn ewúrẹ́ rẹ̀.

Àáfà Sàká, tí òun náà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni búrọ́ọ̀ṣì ilé yìí kan àgbò rẹ̀. Àgbò ta ni ó kọ́kọ́ kàn lọ́jọ́ náà?"

Gbogbo wa la wo orí pèpéle tí Rájí máa ń dúró sí.

Àwẹ̀ró ní, "Ó kọjá lára mẹ́rin kí ó tó kàn mí. Ẹ họ àwọn tó kù. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbà, mo sì gbà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò ru ti ẹlòmíràn."

A họ wọ́n. Ó wà lára gbogbo wọn. Ẹni tó ń tú okùn so ó padà. Rájí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì náà dáná. Ní ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, Ojúọlá fa àgbò tuntun kan wá, ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró.

"Wọ́n ní kí o wò ó."

"Ta ni wọ́n?"

"Wọ́n náà ni."

Ó wò ó títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó já eégbọn mẹ́ta lábẹ́ ìrù rẹ̀, ó kó wọn sínú páálí ìṣáná, ó nà án sí Ojúọlá. "Sọ fún Wọ́n pé àgbò náà dára. Àwọn àlejò tó bá a wá nìyí."

Lọ́jọ́ ọdún, ẹran àgbò tuntun náà yí gbogbo yàrá ká, kò ya ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbé díẹ̀ nínú tèmi lọ fún un. Ó ní kí n gbé e kalẹ̀, ọwọ́ òun kò mọ́. Ó ń fi àdí àti imí ọjọ́ pa àgbò márààrún lára, ti Rájí ló kù. Rájí gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, kò kí i, kò sì sọ fún un mọ́ pé kí ó kó ẹran rẹ̀ kúrò.