Ísáàlì Lórí Mílíìkì Ìyá Mi

Ìyá mi kì í ta mílíìkì oníyẹ̀fun nínú àpò tó bá wá. Bí àpò bá ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a ti ń rà á lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kó ẹrù òkè òkun, á tú u sínú ike ńlá, á dé e pinpin, á sì fa bébà àpò náà lé ìyá alákàrà iwájú wa lọ́wọ́ kí ó máa fi di àkàrà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oní-mílíìkì Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń ṣe. Bébà náà nípọn, kì í tètè fa epo. Ta ló máa jókòó tọ́jú bébà?

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni àwọn wolé-wolé dé, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Ọ̀gá wọn kò ju àbíkẹ́yìn ìyá mi lọ. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjà o, màmá." Ó ṣí ike, ó tọ́ mílíìkì náà wò, ó ní ó dùn, ó sì mọ́. Ìgbà náà ló béèrè àpò rẹ̀. Ara àpò ni nọ́ńbà ìjọba máa ń wà, àti ọjọ́ tí mílíìkì yóò bàjẹ́. Èyí tí kò bá ní méjèèjì, dídànù ni. Gbogbo ohun tí a ní láti tà ló sì wà nínú ike yẹn.

Mo sáré lọ bá ìyá alákàrà. Ó ti gé bébà náà wẹ́wẹ́. Mo rí orí màlúù tí wọ́n yà sí i, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí orúkọ ìlú òyìnbó tó ti wá, ṣùgbọ́n ibi tí ọjọ́ wà ti bá àkàrà ẹnì kan lọ sílé. Mo kó ìyókù wá fún ọ̀gá, epo ti ta sí wọn lára. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àǹtí, ṣé àkàrà lẹ fẹ́ fi bẹ̀ wá ni?"

Ìyá mi ní kí wọ́n pe obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́, pé àwọn àpò tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ lára. Ọ̀gá gba fóònù, ó sọ ẹni tí òun jẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn obìnrin náà: "Wolé-wolé kẹ̀? Mi ò mọ màmá kankan ní Ọ̀yọ́ o, ẹ jọ̀ọ́." Ó pa fóònù. Ìyá mi ló lọ bá a wẹ ọmọ nígbà tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Kí mílíìkì korò lẹ́nu rẹ̀ títí ayé.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ dìde, màmá, ìyá wa lẹ jẹ́," ni ọ̀gá wí, ó sì fà á dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó ṣe ń fà á dìde ni àwọn méjì yòókù ń yí ike wa lọ sí àkìtàn. Irú ọ̀wọ̀ tí mo kórìíra jù lọ nìyẹn. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wọ́n Ísáàlì tí a fi ń fọ ṣálángá sí i lórí, ìgò kékeré kan péré. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìfaradà o," wọ́n lọ.

Wọn ò tíì dé títì tí àwọn obìnrin fi gbé abọ́ dé, àwọn oníbàárà wa wà lára wọn. Lábẹ́, mílíìkì náà ṣì funfun, ó ṣì gbẹ. Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì dí wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé oògùn ti wọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi pa ọmọ wọn. Ọ̀kan ní, "Ahun! Ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ò tún fẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́." Wọ́n ń gba abẹ́ apá rẹ̀ bu mílíìkì.

Mo ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n kú. Ó ti ọkàn mi wá. Ìyá mi tú etí ìró rẹ̀, ó fún mi lówó, ó ní kí n lọ ra Ísáàlì wá, ìgò ńlá. Nígbà tí mo gbé e dé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ la àárín mílíìkì náà, níbi tó mọ́ jù, ó sì dà á sí i títí ìgò fi gbẹ.