Obìnrin Tó Fa Wáyà Yọ

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkòtún. Ètò tí wọ́n ń pè ní Linux ló ń darí rẹ̀, inú dátábéèsì rẹ̀ sì ni orúkọ àti ìtọ́jú gbogbo aláìsàn wa wà. Wàhálà rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá mú iná lọ tí iná sì dé, kọ̀ǹpútà á tan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n dátábéèsì á ṣì máa sùn fọnfọn, àfi kí n wá tẹ àṣẹ tó máa jí i. Mo fẹ́ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ba nǹkan onínǹkan jẹ́ o.

Wọ́n wá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún màámi, tí wọn ò ríran mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Màámi ní èmi làwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí tí wọ́n bá tú báńdéèjì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ? Kí wọ́n mú iná lọ lẹ́yìn mi, kí dókítà má rí nǹkan kan wò? Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi.

Mo bá ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìdímù. Ó wọlé pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu, ó ń yọ gbogbo wa lẹ́nu. Ó da ohun gbogbo kọ síbòmíràn ná, ó wá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé tó bá ti ń tan, kó máa jí dátábéèsì. Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tó ní òun fẹ́ fa wáyà iná yọ lára ògiri, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. A bẹ̀ ẹ́ títí pé ó ti dáa bẹ́ẹ̀, kó fi í lẹ̀ jàre.

Ó ní, "Tó bá máa já yín kulẹ̀, kó já yín kulẹ̀ lójú mi."

Ló bá fà á yọ, ó tún tì í bọ ògiri padà. Kọ̀ǹpútà tan, dátábéèsì ò dìde. Ẹ̀rín lobìnrin náà ń rín ní tiẹ̀. Ó ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, ó ní dátábéèsì ti yára jí kí díìsìkì tí àkọsílẹ̀ wa wà lórí rẹ̀ tó ṣe tán, ni kò bá rí nǹkan kan. Ó pàṣẹ fún un pé kó máa dúró de díìsìkì. Ó tún fa wáyà yọ, dátábéèsì dìde wẹ́rẹ́. Ó tún fà á yọ, kó má lọ jẹ́ pé ó ṣèèṣì ni. Mo gba fún un! Ọkàn obìnrin yẹn le, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo pe ibiṣẹ́, nọ́ọ̀sì ní iná ti lọ, ó ti dé, iṣẹ́ ń lọ, kí n jẹ́ káwọn gbádùn. Mo pa fóònù, mo jókòó síwájú màámi. Wọ́n tú báńdéèjì.

Màámi wò mí títí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti ń hu ewú ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n fọwọ́ kàn án lórí mi, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó báyìí táwọn ti rí mi gbẹ̀yìn.