Láwàlì Aláró àti Igi Kọ́bapẹ́

Lọ́dún 1982, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà kóra jọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan lójú ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ fún ìdíje ìtàn sísọ. Àsíátù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló dúró fún àwọn onílé. Ìtàn ẹtu tó lọ tọrọ ìwo lọ́wọ́ màlúù ló ń sọ. Ó sọ ọ́ dé ibi tí ẹtu ti dé ẹnu ọ̀nà màlúù, tó ní, “Ẹ kú ilé o.” Ibẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ dúró sí. Ó tún ní, “Ẹ kú ilé o.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ohùn kan ta láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: “Màlúù ò sí nílé! Ìyàwó ẹ̀ ló jáde!”

Láwàlì Aláró ni, bàbá tó bí Àsíátù. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ wá, aró sì ti rẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gun orí pèpéle, ó di ẹtu, ó di màlúù, ó di ìyàwó màlúù tó ń bínú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí àga fi kán. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ti fún un ní máàkì àádọ́rùn-ún kó tó rántí pé bàbá yìí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Láwàlì ṣe rí. Aró ló ń tà fún àwọn obìnrin aládìrẹ ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n ìtàn ni àwọn oníbàárà ń gbé lọ sílé. Mọ́níkẹ́ wá ra aró lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀sán ló tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó délé, ó rántí gbogbo ìtàn náà pátá. Aró nìkan ló gbàgbé.

Kò sì lè gbọ́ ìtàn kó má tún un ṣe. Ààfáà ń wàásù nípa Ànábì Yúnúsà nínú ẹja, Láwàlì na ọwọ́ sókè, ó ní, “Ààfáà, ẹ ti fo ibi tí inú ti ń run ẹja.”

“Ta ló sọ fún ọ pé inú run ẹja?”

“Kí ẹ̀yin náà gbé odindi èèyàn mì, kí ẹ wò ó.”

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje yẹn, ojú ń ti Àsíátù. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn fi mọ́tò gbé wá yí i ká, wọ́n ń wo ọwọ́ aláró yìí, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Míìsì Adébímpé, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, bi í pé, “Àsíátù, ta ni bàbá yìí? Ṣé ẹ jọ tan ni?”

“Rárá, mà. Onígi ni. Òun ló ń gbé igi wá sílé ìdáná wa.”

Ó yíjú padà. Bàbá rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó wu Àsíátù kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Láwàlì họ orí díẹ̀. “Òótọ́ lọmọ náà sọ, mà. Onígi ni mí.”

“Irú igi wo ló ń rẹ ọwọ́ èèyàn láró báyìí?”

Láwàlì kò pàdé ìbéèrè kó sá fún un rí. Ó mí kanlẹ̀. “Igi kan wà ní Kọ́bapẹ́, mà. Bí ọyẹ́ bá dé, á máa sunkún aró. Àparò tó bá sùn lábẹ́ ẹ̀, yóò jí ní àwọ̀ aró. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ewé ẹ̀, kò ní bí ọmọ funfun mọ́.” Kó tó sọ̀rọ̀ náà tán, Míìsì Adébímpé ti fa àga, ó ti jókòó. Àsíátù nìkan ló rí i pé ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń jù káàkiri tó bá ń sọ ìtàn, ẹ̀yìn ló kó o sí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí tó ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì kó kíláàsì kẹrin lọ sí Kọ́bapẹ́ láti lọ wá igi náà. Ewé mẹ́ta ló mú bọ̀, ó ń búra pé díẹ̀ ló kù kóun rí i.

Nígbà tí ọjọ́ ìbẹ̀wò dé, tí àwọn òbí ń wọlé, Láwàlì náà dé. Ìdì igi wà lórí rẹ̀. Ó ti rà á lójú ọ̀nà. Kò béèrè ọmọ. Ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà, ó sọ igi kalẹ̀, ó fa ẹ̀pà yíyan yọ lápò, ó fún Ìyá Títílọlá tó ń se oúnjẹ. “Ẹ bá mi fún ọmọ tó gbàgbé ìtàn lọ́jọ́sí. Àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí.”

Odindi ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àsíátù á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, á jẹ ẹ̀pà náà bí ẹni ń jẹ yanrìn. Gbogbo ìgbà ló ń pinnu pé òun á sáré tẹ̀ lé e, òun á pè é ní bàbá lójú gbogbo ayé. Gbogbo ìgbà ni ọ̀rẹ́ kan máa ń wà nítòsí, òun náà á sì bá a lọ.

Ọjọ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ ló tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. “Bàbá, ẹ foríjì mí. Mo sẹ́ yín.”

Láwàlì gbé agolo tó fi ń wọn aró sílẹ̀. “Ìwọ náà ò mọ ìtàn sọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe ara mi ní onígi. Ìwọ kàn gbè mí lẹ́sẹ̀ ni. Dìde, aró á ba búbà ẹ jẹ́.”

Bó sì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ní Ìtòkú, ní Owódé, níbi gbogbo, títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún 1988. Nínú ìtàn tirẹ̀, ọmọ kankan kò sẹ́ bàbá.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, ẹnì kan sọ ìtàn igi Kọ́bapẹ́ bí olóògbé ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín gba àgbàlá kan. Àsíátù dìde láàárín wọn.

“Èmi ni mo pè é ní onígi,” ló wí. “Ó dúró sẹ́yìn mi, ó gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló tì mí lójú. Ọwọ́ yẹn ló sì san owó ilé ẹ̀kọ́ mi.”

Ìyá Títílọlá, tó wá láti Òṣíẹ̀lẹ̀, ló wá sọ̀rọ̀ látorí ẹní tó jókòó sí.

“Ọmọ mi, mo ti mọ̀ látọjọ́ kìíní. Onígi wo ló ń bi alásè bóyá ọmọ ti ń jẹun yó?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Àsíátù náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn nu ojú.

“Kì í tètè lọ,” ni ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló máa ń jókòó sí títí wọ́n á fi lu agogo oúnjẹ, tí ẹ̀yin ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Bó bá ti rí ọ, á ní, ‘Ẹ wò ó, ó tún ti ga sí i.’ Á wá gbọn eruku aṣọ ẹ̀, á máa lọ sílé.”