Ọdún Tí Mo Yọ́ Lọ Sí Họ́lídè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tí mo yọ́ lọ sí họ́lídè bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná!

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Mo ń bá ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kan ṣiṣẹ́. Ìsẹ́yìn ni ọ́fíìsì wa wà, àmọ́ abúlé kan lápá Ìwéré-Ilé ni wọ́n gbé mi lọ. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe máa fi aṣọ asẹ́ sẹ́ omi adágún kí wọ́n tó mu ún, nítorí sòbìà. Ẹni tó bá ti rí sòbìà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kòkòrò tó ń yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn bí òwú! Iṣu á ti gbó lóko, àgbẹ̀ ò ní lè rìn débẹ̀.

Mi ò kàwé nọ́ọ̀sì rí, àmọ́ Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè mí. Ilé Ìyá Ràfíù ni mò ń gbé. Òun ló kọ́kọ́ ta aṣọ asẹ́ sẹ́nu ìkòkò rẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin yòókù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ló ń mú mi láti ilé dé ilé. Tí Ìyá Ràfíù bá ti ní kí wọ́n sẹ́ omi, wọ́n á sẹ́ ẹ.

Ayé ibẹ̀ dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ẹran ìgbẹ́ ń bẹ, wàrà àwọn Fúlàní ń bẹ. Àmọ́ họ́lídè ló dùn jù! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń lọ sílé l'Ábẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Iná mànàmáná, omi tútù inú fíríìjì, oorun títí oòrùn á fi kan àtàrí. Kí lèèyàn tún ń wá?

Wàhálà ibẹ̀ kò ju ìdágbére lọ. Odindi ọjọ́ kan ló ń gbà mí! Mo gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ kó ṣàdúà fún mi, kí n sì yà ní gbogbo agbo ilé. Ẹnì kan á gbé iṣu mẹ́ta jáde, ẹlòmíì á gbé èlùbọ́. Bàbá kan tiẹ̀ ní kí n bá òun kí ọmọ òun tó ń ṣe kápíńtà l'Ábẹ́òkúta. Mo ní àdúgbò wo? Ó ní kí n ṣáà bèèrè Múfútáù!

Ní Dìsẹ́ńbà ọdún tí mò ń wí yìí, mo ní mi ò ṣe. Nígbà tí Lándíróòfà ọ́fíìsì dé láàárọ̀ kùtù, Ìyá Ràfíù ti lọ pọnmi. Mo tilẹ̀kùn, mo kó sọ́kọ̀, ó di ilé! Orin ni mò ń kọ lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo padà dé. Kò sí ọmọ kan tó sáré pàdé mi. Mo kí àwọn obìnrin tó ń gúnyán, wọ́n dá mi lóhùn bí ẹni ń dá agbowó-orí lóhùn. Mo yọjú wo ìkòkò omi wọn, kò sí aṣọ asẹ́ lẹ́nu ọ̀kankan. Obìnrin kan ń fi tirẹ̀ sẹ́ ògì!

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Ìyá Ràfíù, ó ń bó gbágùúdá. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀. Àgbàlagbà tó tó bí mi lọ́mọ!

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Kíá lèmi náà ti kúnlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá fi abúlé sílẹ̀ láìdágbére, ìbínú ló bá lọ, kò sì ní padà mọ́. Ta ló wá bí mi nínú? Ilé ta ni mò ń gbé? Wọ́n ní Ìyá Ràfíù ló lé mi lọ. Wọn ò kí i dáadáa mọ́, wọn ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ omi lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ mọ èyí tó dùn mí jù? Obìnrin yìí ru iṣu mẹ́fà, ó wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn láti wá bẹ̀ mí. Họ́lídè ni, ọ́fíìsì wà ní títì. Ó jókòó sẹ́nu géètì títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà. Mo sunkún, mi ò tijú. Orúkọ Ìyá Ràfíù fẹ́ bàjẹ́, sòbìà sì fẹ́ padà sẹ́sẹ̀ gbogbo abúlé, nítorí oorun tí mo lọ sùn l'Ábẹ́òkúta!

Mo gba ilé Baálẹ̀ lọ. Mo tọrọ àforíjì, mo ní Ìyá Ràfíù ò ṣẹ̀ mí rárá. Bàbá ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀, ó ní òun gbọ́, àmọ́ àlejò lè fi ẹ̀jẹ̀ sínú kó tutọ́ funfun jáde. Ẹnu mi nìkan ò tó.

"Ìdágbére tóo fò yẹn, lọ ṣe é báyìí."

Mo ní Bàbá, mo ti dé! Ó ní òun náà rí i pé mo ti dé, kí n ṣáà lọ dágbére.

Bí mo ṣe gbé báàgì nìyẹn o! Láti ilé dé ilé, mò ń sọ pé mò ń lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa padà. Ẹ̀rín ń pa wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń ṣàdúà fún mi, wọ́n sì ń gbé iṣu jáde! Ọ̀dọ̀ Ìyá Ràfíù ni mo parí ẹ̀ sí. Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, mo ní, "Ìyá mi, ilé yín tù mí lára. Ibẹ̀ náà ni mò ń padà bọ̀." Mo wá rìn dé etí títì, mo dúró nínú oòrùn bí òmùgọ̀, mo sì yí padà.

"Nọ́ọ̀sì dé o! Nọ́ọ̀sì dé!"

Àwọn ọmọdé bo ojú ọ̀nà, Ìyá Ràfíù ló ṣíwájú wọn. Ó gba báàgì mi, ó gbé e rù, ó rọra ń rìn gba àárín abúlé kọjá kí gbogbo ojú lè rí i. Obìnrin tó fi asẹ́ sẹ́ ògì ló kọ́kọ́ kí i pé, "Ìyá Ràfíù, ẹ kú àlejò o."

Ó ní, "Àlejò kọ́, ọmọ mi ni. Lọ fọ asẹ́ rẹ."

Ó sì lọ fọ ọ́! Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, aṣọ asẹ́ ti padà sẹ́nu gbogbo ìkòkò.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: mo rò pé ìdágbére ń fi àkókò mi ṣòfò ni, mi ò mọ̀ pé òun ló ń fi àwọn tí mo fi sílẹ̀ lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ mi parí níbẹ̀ pátápátá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dágbére, kò sì tó mi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti yọ́ fi sílẹ̀ rí, kí lẹ sì padà wá bá? Ẹ má fi mí nìkan sílẹ̀ sínú ìtìjú yìí, ẹ sọ tiyín!